Wọ́n pe àwọn àgbà sí ọdún orin n'Ílọrin, ṣé wọ́n fún wọn láyè kọrin?

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ní kí n kọ eléyìí, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Ọdún orin ọlọ́jọ́ méjì tí wọ́n ṣe n'Ílọrin níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, Jímọ̀ àti Sátidé, mo lọ. Mo mú bàbá mi lọ, ẹni ọdún 73 ni wọ́n, àwọn náà sì mú ọ̀rẹ́ wọn Alájì láti Pàkàtà dání, torí àwọn méjèèjì ti jọ ń gbọ́ orin láti ayé kásẹ́ẹ̀tì. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é, ẹni tó bá lọ á ti mọ ibi tí mò ń sọ. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí látìgbà tí mo ti fi fọ́tò wa sórí WhatsApp, pé ṣé orin tí wọ́n kọ níbẹ̀ ṣì dùn mọ́ àwọn àgbà, pé tí wọ́n bá tún ṣe é ṣé kẹ́ ẹ mú àwọn òbí yín lọ. Ìdáhùn mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi mú sùúrù.

Pósítà ló kọ́kọ́ mú wa lójú. Ẹnì kan fi í ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí wa, bàbá mi ló kọ́kọ́ rí i, wọ́n pè mí láti Ọ̀fà láago mẹ́fà àárọ̀, ẹ̀rù tiẹ̀ bà mí kí n tó gbé e. Wọ́n ní "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o ti rí nǹkan tí wọ́n fẹ́ ṣe n'Ílọrin? Wọ́n ní dadakúàdà máa wà níbẹ̀ o." Mo wo pósítà náà dáadáa. Orúkọ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, méje jẹ́ tàwọn ọmọ ìsinsìnyí, mẹ́rin jẹ́ tàwọn tó ń kọ orin àgbà: dadakúàdà kan, ìyẹn orin ìbílẹ̀ Ìlọrin níbí, jùjú kan, ẹnì kan tó ń kọ àpàlà, àti àgbà onífújì kan tí gbogbo wa mọ̀. Mẹ́rin nínú mọ́kànlá! Inú mi dùn, mo ní àwọn wọ̀nyí gbìyànjú, torí ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀, orúkọ àgbà kan ṣoṣo ni wọ́n á kọ sísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà ẹ̀ á kéré bíi ti oògùn, wọ́n á ní àwọn náà ti pe àgbà nìyẹn.

Tíkẹ́ẹ̀tì ẹni tó máa dúró jẹ́ ₦5,000 lọ́jọ́ kan, ti ẹni tó máa jókòó sídìí tábìlì jẹ́ ₦20,000. Ti ìjókòó ni mo ra fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjọ́ méjèèjì, ₦120,000, owó gidi ni lọ́wọ́ tèmi, àmọ́ ta ló máa ní kí ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún dúró láti ìrọ̀lẹ́ wọ òru?

Wọ́n kọ ọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì pé aago mẹ́rin ni. Bí bàbá mi ṣe kírun Jímọ̀ tán báyìí ni wọ́n ti wọ ẹtù wọn, wọ́n dé fìlà, wọ́n ní ká máa lọ, mo ní Bàbá ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀, wọ́n ní rárá o, ẹni bá pẹ́ débẹ̀ ẹ̀yìn ló máa jókòó. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la débẹ̀. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ó wò, ọmọ ogún ọdún lè fi àkókò yẹn tẹ fóònù, ẹni ọdún 73 ń kọ́, ẹ̀yìn á ti máa ro ó kí wọ́n tó lu ìlù àkọ́kọ́. Ohun tí mo gbóríyìn fún wọn lé lórí ṣá ni pé wọ́n ṣètò ibi ìkírun, wọ́n tẹ́ ẹní, omi wà nínú bútà, wọ́n ya ti obìnrin sọ́tọ̀, nígbà tí mọ̀gáríbà sì tó wọ́n pa sípíkà pátápátá. N'Ílọrin, tẹ́ ẹ ò bá ti ṣe ìyẹn, àgbà wo lẹ fẹ́ rí?

Dadakúàdà ni wọ́n fi ṣíde. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ eléyìí, torí òun gan-an ló ń ká mi lára. Ìlọrin ló ni dadakúàdà, ẹ lè rin gbogbo ilẹ̀ Yorùbá já kẹ́ ẹ máa wá a, ibí lẹ máa padà sí. Òun ni Odòlayé Àrẹ̀mú kọ títí ó fi kú ní 1997, òun náà la mọ Jáígbadé Àlàó mọ́. Ijó wà nínú ẹ̀ àmọ́ ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìtàn, oríkì, ìkìlọ̀, ẹ̀fẹ̀, ẹni tó ń lé e á sọ̀rọ̀, àwọn tó ń gbè é á gbà á lẹ́nu ẹ̀, ìlù á tún un sọ, ìgbà tó bá yá wàá máa rò pé ìlù yẹn gan-an ló ń ro ẹjọ́. Gbàgede yẹn ò tíì kún dé ìdajì nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ àwọn àgbà tó wà lórí ìjókòó ti na ọrùn. Ẹ̀gbẹ́ wa ni ìyá kan wà tó wá pẹ̀lú ọmọ ọmọ ẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti juba ló ti ń fi ìka lu tábìlì, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀gá wọn, ọkùnrin tí mo rò pé á tó ọgọ́ta ọdún, ó wo ìsàlẹ̀, ó rí ẹtù bàbá mi, ó ní "Bàbá tó wọ ẹtù yìí, ọmọ ibo lẹ ń jẹ́ sà?" Kí bàbá mi tó lanu, Alájì ti pariwo, "Ọ̀fà ni wọ́n!" Ni ọkùnrin yẹn bá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlálọmí, ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ó ń kì í, ó ń kì í, ìlù ń tẹ̀lé e, àwọn tó ń gbè é ò jẹ́ kó mí. Ó yíjú sí Alájì, ó ní èmi ò ní gbàgbé onílé o, Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn juyọ̀, ìlú tó tóbi tó yìí tí ò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò wọn. Bàbá mi tí orúnkún ti ń dà láàmú láti bí ọdún mẹ́ta, tó jẹ́ pé èmi ni mo di ọwọ́ wọn mú wọlé, wọ́n dìde fúnra wọn. Wọ́n ká apá agbádá sọ́rùn, wọ́n jó. Ijó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ àwọn àgbà yẹn, tí èjìká á máa ṣe é tí ẹsẹ̀ ò ní kúrò lójú kan. Mo fẹ́ yọ fóònù kí n fi ya fídíò, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, omi ti wà lójú mi.

Ibi tí a dé nìyẹn o. Ọkùnrin náà ti kúrò lórí oríkì ìlú, ó ti bi bàbá mi ní agbo ilé wọn, ó fẹ́ bọ́ sórí ti ilé wa, ni ọmọ tó ń ṣe MC bá gòkè wá, ó ní "ẹ pàtẹ́wọ́ fún bàbá wa o, wọ́n gbìyànjú gan!", ó ti na ọwọ́ síbi máíkì. Àwọn onílù dúró. Ọkùnrin yẹn wo bàbá mi bí ẹni tó jẹ gbèsè, ó tẹrí ba, ó sọ̀ kalẹ̀. Mo wo aago, ìṣẹ́jú 22. Nínú ọjọ́ méjì gbáko, n'Ílọrin tó bí dadakúàdà, ìṣẹ́jú 22 ni wọ́n fún un. Bàbá mi jókòó, wọ́n nu ojú, wọ́n bi mí pé "Ṣé ó ń padà bọ̀ ni?" Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Ẹni tó bá mọ irú orin yẹn á mọ̀ pé ìbà ni ogún ìṣẹ́jú. Kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ lọ wo àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ tó wà nílé àwọn bàbá yín, ojú kan ṣoṣo lè jẹ́ orin kan tí wọ́n so mọ́ra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìṣẹ́jú 15 sí 20 láì gbẹ́sẹ̀, ẹ tún máa wá yí i sí ojú kejì. Ti inú ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tí àyè ti há nìyẹn o, tó bá jẹ́ òde àríyá ni, ilẹ̀ lè mọ́ bá wọn. Bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn àgbà yìí létí nìyẹn. Orin tí wọ́n mọ̀, ẹni tó ń kọ ọ́ máa wò ọ́, á mọ̀ ọ́, á wá ọ kàn nínú orin, ìgbà náà lara máa tó yá. Tẹ́ ẹ bá ká a kò ní ìṣẹ́jú ogún, ẹ fún wọn lórúkọ orin ni, ẹ ò tíì fún wọn lórin. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn tó ń yin pósítà yẹn pé kí wọ́n má yin orúkọ, kí wọ́n bèèrè iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan míì wà tó yí padà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣètò ò fi bẹ́ẹ̀ ronú kàn, ìyẹn owó níná. Láyé àwọn bàbá wa, bí òṣèré bá kì ọ́, wàá dìde, wàá na owó fún un níwájú orí, òun náà á rí ọ, á tún ọ kì. Òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 ti sọ ìyẹn di ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí ò ní dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí ò ní dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì, láìpẹ́ yìí wọ́n sì ti ń mú èèyàn lóòótọ́. Àwọn tó ṣe ọdún yìí kéde ẹ̀ dáadáa, mo fara mọ́ ọn, ta ló fẹ́ sun àtìmọ́lé torí orin. Nọ́ńbà àkáǹtì ni wọ́n kọ sójú tẹlifíṣọ̀n ńlá pé ká fowó ránṣẹ́ síbẹ̀. Bàbá mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn, wọ́n ka ₦10,000 sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní "Àbẹ̀kẹ́, bá mi fi ránṣẹ́ sí i." Mo fi ránṣẹ́. Àmọ́ àkáǹtì àwọn tó ṣètò ni, kì í ṣe ti òṣèré, òṣèré ò mọ ẹni tó fún òun, bàbá mi náà ò mọ̀ bóyá ó rí i. Àárín àwọn méjèèjì ti já. Kí ló burú níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé igbá kan síwájú sítéèjì, kí èèyàn fi owó sínú àpòòwé, kó kọ orúkọ ẹ̀ sí i, kí òṣèré máa kà á? Kò lòdì sófin kankan, owó ò ní balẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní tẹ̀ ẹ́.

Jùjú ló tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ yẹn mọ iṣẹ́, aṣọ wọn bára mu, gìtá mẹ́ta, ohùn dùn. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn orin I.K. Dairo dárà, bàbá mi tún jí. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí, ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni àwọn òbí Dairo, àmọ́ Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí, òun ni wọ́n fún ní oyè MBE ní 1963, òun ló gbé akọ́díọ̀nù wọnú jùjú. Bàbá mi máa ń sọ ọ́ bíi pé àbúrò wọn ni. Wọ́n tún ti fọwọ́ tọ́ ọmọ ọmọ ìyá ẹ̀gbẹ́ wa léjìká, wọ́n ní "ṣé o gbọ́ orin yìí, ìlú wa ni wọ́n bí ẹni tó ni ín sí."

Sọ́ǹdì ló ba ti jùjú jẹ́. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ yẹn, mo rò pé orin àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló ti tò ó sílẹ̀ fún, báàsì ń mi ilẹ̀, àyà ń mi, kíbọ́ọ̀dù wà lókè, onígángan wà níwájú ó ń làágùn, a ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Wọn ò tiẹ̀ gbé máíkì síwájú ẹ̀, ti akọrin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló ń gbà á sínú díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ará, ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní, dò, re, mí, òun náà ni gángan fi ń sọ̀rọ̀. Tí báàsì bá ti gbé ohùn ìsàlẹ̀ mì, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ìlù ń kí òun ni àbí ó ń bú òun? Ọmọdé á sọ pé ó ń dún, ó tó. Alájì ní tiwọn fi ọwọ́ di etí, wọ́n ní "Ìlù yẹn ń sọ̀rọ̀ o, wọn ò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wa." Mo lọ bá ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ, mo bẹ̀ ẹ́, ó dá mi lóhùn dáadáa, ó ní "ẹ má bínú mà," ó sì fa báàsì wálẹ̀, ó dáa fún bí orin méjì, nígbà tó yá ó tún gòkè.

Sátidé, Alájì ní àwọn ò ní tètè wá, pé tó bá ti ku díẹ̀ kí onífújì gòkè kí n ránṣẹ́ sí àwọn. Èmi àti bàbá mi la lọ láago mẹ́fà.

Àpàlà ọjọ́ yẹn ni nǹkan tó dáa jù nínú ọjọ́ méjèèjì, ẹ wá gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n fún òun náà. Ọmọkùnrin tí ò tíì pé ogójì ọdún ni, kò gbé kíbọ́ọ̀dù wá, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti ìlù, wọ́n jókòó ṣe é bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe é. Orin Haruna Ishola àti ti Àyìnlá Ọmọwúrà ló ń kọ, àwọn tó jẹ́ pé ọ̀kan ti kú ní 1983, èkejì ní 1980, kí wọ́n tó bí òun. Nígbà tí àsìkò ẹ̀ pé, MC gòkè, ẹnì kan sáré wá sọ̀rọ̀ sí i létí: ọmọ olórin tó yẹ kó tẹ̀lé e ò tíì dé, ọ̀nà ló wà. MC ní kí wọ́n máa bá a lọ. Wọ́n bá a lọ di ìṣẹ́jú 55! Ibi tí orin ti ń gbóná ni gbogbo ẹ̀ ti yàtọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́yìn rọ́ wá síwájú, àwọn kan ń bá a gbè, mo rò pé látìgbà tí wọ́n ti ṣe fíìmù nípa ìgbésí ayé Àyìnlá ní 2021 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wá orin ẹ̀ kiri. Ọmọbìnrin kan tó wọ ṣòkòtò jíǹsì wá kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, ó ní "Bàbá, ẹ wá jó sà," wọ́n bá a jó. Ìṣẹ́jú 55, ẹnikẹ́ni ò lọ. Ẹni tó bá ń sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò ní sùúrù fún orin gígùn, kó wá bá mi sọ ọ́.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó kọrin, mi ò ní purọ́, àwọn kan dáa, àwọn kan kàn ń sáré kiri orí sítéèjì ni. Ọ̀kan wà tó ń gbé ohùn fújì wọnú orin ẹ̀ bí Asake ṣe máa ń ṣe, tí ọ̀pọ̀ èèyàn á máa gbè é lẹ́yìn. Bàbá mi gbọ́ ọ títí, wọ́n ní "Fújì lọmọ yìí ń kọ, ó kàn yára ni." Mo rò pé wọ́n tọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ fa àgbà àti ọmọdé pọ̀, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà onífújì, kí wọ́n jọ kọ ọ́, dípò kí wọ́n fi wákàtí mẹ́rin ya wọ́n.

Torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́rin lóòótọ́. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n kọ fún àgbà onífújì. Mo ránṣẹ́ sí Alájì láago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ọmọ wọn gbé wọn wá. Aago mẹ́wàá, kò sí. Mọ́kànlá, DJ. Méjìlá, DJ ṣì ni. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Alájì dìde, wọ́n ní "Ọ̀rẹ́ mi, àsùbáà ò ní dúró dè mí," wọ́n lọ. Owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn, orin DJ ni wọ́n fi gbọ́. Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú ni àgbà yẹn gòkè, bàbá mi ti sùn lọ lórí àga, mo ti yọ ìborùn mi bò wọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ fújì, ẹ mọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Wéré ló ti wá, orin àjísààrì tí wọ́n fi ń jí èèyàn nínú ààwẹ̀, kí Bárísítà, Síkírù Àyìndé, tó sọ ọ́ di fújì, tó fi orúkọ òkè kan ní Japan pè é. Kollington náà, ọmọ Ìlọ́ta níbí, kì í ṣe òun ló wá lọ́jọ́ yẹn o, òun ló gbé bàtá wọ inú ẹ̀. Ìlù ni fújì. Ọmọ ẹ̀yìn rẹpẹtẹ, àkúbà, sákárà, gángan, ọ̀gá á kàn yí ojú sí onílù kan, onílù á ti mọ ohun tó fẹ́. Èyí tá a rí lálẹ́ yẹn, onílù mẹ́ta àti láptọ́ọ̀pù. Orin tó ti gbà sílẹ̀ ló ń jáde lára sípíkà, òun ń sọ̀rọ̀ lé e lórí, orin mẹ́rin, ó bu díẹ̀ nínú ìkọ̀ọ̀kan, kò tó ìdajì wákàtí, ó ti tán. Mi ò dá bàbá yẹn lẹ́bi rárá. Ọmọ kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ fún mi pé láti aago mẹ́sàn-án ló ti jókòó sínú mọ́tò tó ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa pè é. Ó rẹ̀ ẹ́. Ohùn yẹn ṣì wà, mo gbọ́ ọ níbi kan tó gbé e sókè láìsí láptọ́ọ̀pù, bàbá mi ṣíjú, wọ́n ní "Òun nìyẹn!", kí n tó ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n jókòó dáadáa, orin ti yí.

Ìyókù, kò pọ̀. Oúnjẹ dáa, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ìyá oníwàrà kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí wàrà ẹ̀ gbóná dáadáa, bàbá mi jẹ ẹ́ lọ́jọ́ méjèèjì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jìnnà, àtẹ̀gùn méje ló wà níbẹ̀ tí ò sí ohun tí èèyàn lè dì mú, ẹni tí orúnkún ń dùn á jìyà. Iná tó ń kọ yẹ́ríyẹ́rí ń kọ sójú àwọn tó jókòó ju àwọn tó dúró lọ. Àwọn ọmọ sẹkiúrítì ṣe dáadáa gan, gbogbo ìgbà tí bàbá mi bá fẹ́ dìde ni ọ̀kan nínú wọn á dọ̀bálẹ̀ kó tó fún wọn lọ́wọ́, ẹni tó bí i kọ́ ọ.

Mo ń ro ọ̀rọ̀ yìí fún àbúrò mi tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní ní Glastonbury, ọdún orin ńlá tí wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń fún àgbà olórin kan. Dolly Parton gbà á ní 2014, Lionel Richie ní 2015, Diana Ross ní 2022, Rod Stewart gbà á ní 2025 nígbà tó ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Ọ̀sán gangan o, oòrùn ṣì wà, ẹni tó rẹ̀ lè padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì máa ń rọ́ lọ síbẹ̀. Kì í sì í ṣe pé àwọn tiwa ò mọ ibẹ̀, Sunny Adé ti kọrin níbẹ̀ ní 1983, Fẹlá ní 1984. N'Ílọrin, àkókò yẹn wà nílẹ̀ fún wa: lẹ́yìn ìrun àlàsárì sí mọ̀gáríbà, oòrùn ti rọlẹ̀, àwọn àgbà ti jẹun, wọ́n ti sùn díẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ fún àgbà kan ṣoṣo ní wákàtí kan àtààbọ̀ níbẹ̀. Ẹnì kan tẹ́ ẹ jẹ́ kó kọrin tán sàn ju mẹ́rin tẹ́ ẹ gé lọ́rọ̀ lẹ́nu.

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí, mo fún wọn ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Àwọn olórin tí wọ́n yàn dáa, ẹni tó yàn wọ́n mọ orin, mo gbà fún un. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú òbí yín lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ má gba tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ méjì, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára pósítà kẹ́ ẹ bèèrè pé aago mélòó ni àgbà máa kọrin, ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fún un, tí wọn ò bá lè dá yín lóhùn, ẹ fi owó yín sápò. Ẹ mú tìmùtìmù dání fún ẹ̀yìn wọn. Tó bá ti jẹ́ pé lẹ́yìn aago mẹ́wàá ni wọ́n kọ orúkọ tí wọ́n fẹ́ gbọ́ sí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ sílé, kẹ́ ẹ bá wọn gba fídíò wá.

Bàbá mi padà s'Ọ̀fà lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́fà àárọ̀ náà ni wọ́n tún pè mí, wọ́n ní "Àbẹ̀kẹ́, ọkùnrin tó ki wá lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, ṣé o lè bá mi wá nọ́ńbà ẹ̀? Kò tíì kì mí dé ilé wa." Ọjọ́ méjì ni mo fi wá a, ọ̀dọ̀ ọmọ tó wà nídìí sọ́ǹdì ni mo ti rí i gbà. Ó ń bọ̀ l'Ọ̀fà ní Sátidé tó ń bọ̀, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ mẹ́fà, ìta ilé wa ni, lẹ́yìn àlàsárì. Alájì náà ń bọ̀. Bàbá mi ti ní kí wọ́n gbé àga síta, mo bi wọ́n pé ṣé kí n bá wọn wá MC, wọ́n ní ká má pe MC kankan.